Ẹni Tí Màmá Sanda Ń Bẹ̀ Pé Kó Wọlé

"Poftiți, vă rog," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí, ó sì yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ọkùnrin náà lè ráyè kọjá. "Poftiți înăuntru."

Ọkùnrin náà kò kọ́kọ́ mira. Ó dúró sórí ẹní ẹnu ọ̀nà, omi òjò ń kán tó-tó-tó lára agboòrùn rẹ̀, ó sì wo obìnrin dúdú tó wé ìborùn funfun yìí láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ yín ní èdè Romania?" Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi í.

"Màmá inú ilé ni, sà," ni Wúlẹ̀mọ̀tù fèsì, inú rẹ̀ sì dùn bí ọmọ ilé kéú tó ka wàláà rẹ̀ láìṣì.

Oṣù méje gbáko ló ti wà nídìí èdè náà. Látìgbà tí iléeṣẹ́ tó ń rán àwọn olùtọ́jú arúgbó káàkiri ti gbé e wá sí ilé kékeré yìí ní Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland, láti aago méje àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òun àti Màmá Sanda nìkan ni wọ́n jọ ń wo ojú ara wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Màmá. Àrùn rọpá-rọsẹ̀ kọlù ú lọ́dún 2005, nígbà tó sì yè é, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó fi ogún ọdún kó jọ ní Amẹ́ríkà ti bá àìsàn náà lọ. Èdè ìyá rẹ̀ nìkan ló kù sí i lẹ́nu. Sanda, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí ìwé, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: omi, oúnjẹ, ilé ìtura, ṣé ó ń dùn yín. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń pe àlejò wọlé kò sí níbẹ̀. Ìyẹn, Màmá fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí Wúlẹ̀mọ̀tù bá ti ń bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ni Màmá yóò ti tẹrí ba lórí àga, tí yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé, ẹ wá jókòó, ẹ má dúró lóòró. Wúlẹ̀mọ̀tù, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n fi ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn wò dàgbà, rí i pé ilé ọmọlúàbí lòun bọ́ sí. Ó délé ó sọ fún Raheem ọkọ rẹ̀ pé òyìnbó tó mọ àlejò ṣe ṣì kù láyé.

Ìyẹn kò tọ́jọ́. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, igbe ni Màmá máa ń ké mọ́ ọn, "Intră odată!", tí yóò máa júwọ́ sí i pé kó tètè wọlé kó pa ilẹ̀kùn dé, òtútù ń wọlé. Kò sí ẹ jọ̀wọ́ mọ́, kò sí ọwọ́ méjèèjì. Ó dun Wúlẹ̀mọ̀tù ju bó ṣe lè jẹ́wọ́ lọ. Ó kàn gbà pé bí ojú bá ti mọ ojú jù, àpọ́nlé a máa gbọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Ọkùnrin inú òjò náà ní Costin lorúkọ òun. Ó ní ìlú kan náà lòun àti ìdílé Màmá ti wá, ó ní wọ́n ti jọ ń rí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́. Kótù rẹ̀ gùn, ó mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Iléeṣẹ́ ti sọ fún Wúlẹ̀mọ̀tù lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé pé ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí ìwé ìdílé kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ààrẹ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: òjò ń rọ̀, ẹni tó dàgbà jù ọ́ lọ dúró níta, ó ń dárúkọ onílé, ó ń béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kọ́ tí yóò sọ pé kó dúró sínú òjò kí òun lọ yẹ ìwé wò? Ẹnu Wúlẹ̀mọ̀tù ti sọ̀rọ̀ kí iyè rẹ̀ tó débẹ̀.

Nígbà tí Costin wọ pálọ̀, Màmá dìde dúró.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí o. Màmá tí Wúlẹ̀mọ̀tù máa ń fi apá méjèèjì gbé kúrò lórí àga láti gbé e lọ ilé ìtura, òun ló fi ọwọ́ ti ara rẹ̀, tó dìde, tó sì dúró. Ó tẹrí ba. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Poftiți, ó tún wí, poftiți, ó ń tọ́ka sí àga tó dára jù nínú ilé. Ó yíjú sí Wúlẹ̀mọ̀tù, ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yé Wúlẹ̀mọ̀tù pé jáàmù ló ń béèrè, èyí tí Sanda máa ń fi èso pupa kan tó kan díẹ̀ sè nínú ṣúgà, tí wọ́n ń pè ní dulceață. Báyìí làwọn ará ilẹ̀ wọn ṣe ń gbàlejò: ṣíbí jáàmù kan nínú àwo kékeré, pẹ̀lú omi tútù nínú ife. Ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì gbé e síwájú àlejò. Inú rẹ̀ dùn pé lónìí, Màmá rí ẹni tó fẹ́ràn.

Costin jẹ jáàmù náà tán, ó lá ṣíbí. Ó ń bá Màmá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lédè wọn, ojú rẹ̀ sì ń rìn káàkiri àjà àti ògiri.

"Yàrá mélòó ló wà lókè?" ó bi Wúlẹ̀mọ̀tù.

"Mẹ́ta, sà."

"Lẹ́tà tó ń wọlé síbí nípa ilé yìí, orúkọ ta ló máa ń wà lára ẹ̀? Ti Màmá àbí ti Sanda?"

"Ti Màmá ni, sà."

"Ẹ ṣé gan-an ni." Ó nu ẹnu. Nígbà tó ń gbé agboòrùn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má tíì sọ fún Sanda pé mo wá o. Mo fẹ́ bá a lójijì ni."

Wúlẹ̀mọ̀tù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó kí i pé ó dìgbà kan ná. Nígbà tó padà dé pálọ̀, Màmá ṣì wà lórí ìdúró, ó ń tẹrí ba fún ilẹ̀kùn tí wọ́n ti pa dé. Ó di Màmá mú pé kó jókòó. Ìgbà yẹn ló rí i pé yẹ̀rì Màmá ti tutù láti ìdí títí dé orúnkún, ìtọ̀ sì ti ṣàn sórí rọ́ọ̀gì. Kò ṣẹlẹ̀ rí láti oṣù méje. Wúlẹ̀mọ̀tù ṣe pẹ̀lẹ́, ó pa aṣọ rẹ̀ dà, ó sì dá ọjọ́ ogbó lẹ́bi.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Costin tún dé, ní aago méjì ọ̀sán, ìgbà tí Sanda jìnnà réré sí ilé, ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Washington. Wúlẹ̀mọ̀tù kò pè é wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn ṣílẹ̀kùn láti béèrè ohun tó fẹ́ ni, ọkùnrin náà sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe Sanda."

"Ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí n wọlé níjọ́sí? Ní ìlú tiwa, ẹni tí wọ́n bá ti fi jáàmù àti omi gbà, ó ti di ará ilé. Àbí bí tiyín kọ́ nìyẹn?"

Bí tiwọn nìyẹn. Màmá sì ti tún dìde, ó ti na ọwọ́ méjèèjì, poftiți, poftiți, kọ́bọ́ọ̀dù, jáàmù, omi. Wúlẹ̀mọ̀tù gbé e wá. Ó rí i pé ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi dà sílẹ̀ nígbà tó fẹ́ bá a ti ife náà síwájú àlejò. Costin yọ bírò àti tákàdá kan tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Màmá gba bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ó ń ga ó ń rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Costin ní kó tún kọ ọ́. Ó tún kọ ọ́. Ọkùnrin náà ká tákàdá náà, ó fi í sápò.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe, sà?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀wé kọ ni." Ó rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ má bẹ̀rù. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹ gbà mí láyè."

Ohun tó dẹ́rù bà á jù nìyẹn. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń ba òun.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ mọ́tò Àǹtí Kúlísúmù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó bá a wá iṣẹ́ náà. Wọ́n ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àǹtí ò dá a dúró títí tó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"O sì tún bu jáàmù fún un."

"Màmá ló ní kí n bù ú."

"Wúlẹ̀! Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìwọ ni ògiri ọ̀hún." Àǹtí ṣòṣé. "Ṣé o ti sọ fún Sanda?"

"Rárá, mà."

"Good. Má sọ. Tó bá fi lè pe agency báyìí, same day ni wọ́n máa lé ẹ. Wọ́n á tún report ẹ, wọ́n á gba license ẹ, orúkọ ẹ á wọ kọ̀ǹpútà gbogbo Maryland. Who go take you after that? Ọdún méjì tó o fi lọ sí training yẹn, ó ti wọ gbó nìyẹn."

"Àǹtí, mo rò pé ilé màmá yẹn lọkùnrin yẹn fẹ́ gbà."

"Ṣé ilé bàbá tìẹ ni? Wọ́n ń gbalé àwọn arúgbó káàkiri county yìí lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó ṣọ́ ọ. Tó bá tún wá, sọ fún un pé màmá ń sùn. Ó máa sú u."

"Tí ò bá wá sú u ńkọ́, mà?"

Iná ojú pópó ti di àwọ̀ ewé, Àǹtí Kúlísúmù kò wa ọkọ̀, àfìgbà tí ẹni tó wà lẹ́yìn fun fèrè mọ́ wọn.

Wúlẹ̀mọ̀tù gba ìmọ̀ràn náà bí a ṣe ń gba oògùn kíkorò. Ní ọjọ́ Ajé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó fi ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ dúdú kan dúró sí òdìkejì títì láti aago kan sí aago mẹ́ta. Kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fa aṣọ fèrèsé. Màmá tó jókòó nídìí fèrèsé náà fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi dí òun lójú, ó ń pariwo mọ́ ọn lédè tirẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù náà ń fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́ pé ẹ fara dà á, Màmá mi, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ọjọ́rú, Sanda tètè dé. Obìnrin gíga kan ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kì í ṣẹlẹ́nu burúkú. Bó ṣe bọ́ kótù rẹ̀ ni Màmá ti fà á lọ́wọ́, tó ń sọ nǹkan kan fún un kíákíá-kíákíá. Sanda fẹnu kò ó lórí, ó fún un lésì, ó sì bọ́ sí kíṣìn níbi tí Wúlẹ̀mọ̀tù ti ń fọ ife.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Sanda wí. "Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ti ń sọ fún mi pé ọkùnrin náà tún ti ń wá. Mo ní Màmá, ọkùnrin náà ti kú. Dókítà sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ohun àtijọ́ ni yóò máa padà wá."

Ife tó wà lọ́wọ́ Wúlẹ̀mọ̀tù dúró lábẹ́ omi ẹ̀rọ. "Ọkùnrin wo, mà?"

Sanda fa àga, ó jókòó. "Ní ilẹ̀ wa, nígbà ìjọba àtijọ́, wọ́n mú bàbá mi. Olùkọ́ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ kan ń wá sílé wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í pariwo. Kì í lu ẹnikẹ́ni. Á jókòó, á máa béèrè pé ta ló ń kọ lẹ́tà sí wa, ta ló ń kí wa. Mo kéré nígbà náà, abẹ́ tábìlì ni mo máa ń wà. Màmá á bu jáàmù fún un, á fún un lómi, á máa bẹ̀ ẹ́ pé ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ wọlé sà, ẹ jókòó sórí èyí tó rọ̀. O ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn rí tó tó bẹ́ẹ̀. Tó bá lọ tán, á wá máa bì."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Kò padà wá." Sanda fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. "Títí dòní, tí mo bá gbọ́ tí Màmá ń fi gbogbo ẹnu bẹ èèyàn pé kó wọlé, inú mi máa ń dà rú. Àwọn tó fẹ́ràn kì í gbádùn ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu rẹ̀. Igbe ló máa ń ké mọ́ wa. Wọlé jàre, palẹ̀kùn dé, ṣé o fẹ́ kí òtútù pa wá ni! Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń pè ọ́, àbí? Mo máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀ kí n tó jáde. Mo sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé, ó dára, ó ti gba obìnrin yìí mọ́ra."

Wúlẹ̀mọ̀tù pa omi ẹ̀rọ. Ó rántí ìyá tirẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ tí àwọn ọlọ́pàá wá wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Lukman wálé. Ìyá rẹ̀ tó lè fi èébú lé ọ̀gá àdúgbò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ló ń sáré gbé àga, tó ń bu omi inú àmù, tó ń wí pé ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ mumi, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Wúlẹ̀mọ̀tù, ó sì ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé nígbà tí òyìnbó ṣe irú rẹ̀ lójú òun, ìwà ọmọlúàbí lòun pè é? Ẹ̀ẹ̀mejì ni òun fi ọwọ́ ara òun gbé jáàmù fún ẹni tí Màmá ń bẹ̀rù tó fi tọ̀ sára. Ojú tì í débi pé kò lè wo Sanda lójú.

"Mà," ó bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé?"

Ó rí lísẹ́ńsì rẹ̀. Ó rí ojú Raheem tó ń pààkì mọ́tò olówó ní Washington láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. "Kò sí, mà. Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni."

"Máa lọ sílé. Mo ti dé." Sanda sì fọwọ́ kàn án léjìká.

Ní ọjọ́ kejì, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago ẹnu ọ̀nà dún. Wúlẹ̀mọ̀tù yọjú láti ibi ẹ̀wọ̀n. Costin ni, pẹ̀lú obìnrin kan tó gbé báàgì kékeré dání, irú àwọn tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé kó lè tẹ̀wọ̀n lójú òfin. Òjò wínníwínní ń ṣẹ̀.

"Màmá ń sùn, sà."

Kò tíì dákẹ́ tí ohùn Màmá fi ti pálọ̀ jáde wá, ohùn tín-ín-rín, ohùn dídùn. Ó ti gbọ́ aago. Poftiți, ó ń wí, poftiți, vă rog. Wúlẹ̀mọ̀tù gbọ́ bí àga ṣe ń ké, Màmá ń gbìyànjú láti dìde.

"Kò sùn," ni Costin wí jẹ́jẹ́. "Onílé ní ká wọlé. Ẹ yọ ẹ̀wọ̀n yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Màmá á tọwọ́ bọ ìwé kan, madam yìí á lu òǹtẹ̀ sí i, a ó máa lọ."

"Ìwé kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ ìdílé ni."

Ẹ̀wọ̀n náà kò ju ìka ọwọ́ lọ. Wúlẹ̀mọ̀tù mọ̀ pé òun lè pa ilẹ̀kùn dé kí òun dákẹ́. Wọn yóò lọ. Wọn yóò padà wá lọ́la, tàbí ní ọjọ́ Sátidé nígbà tí ẹlòmíràn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, Màmá yóò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọlé. Ó yọ ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rín ti ń hàn lójú Costin. Àmọ́ kàkà kí Wúlẹ̀mọ̀tù yẹ̀, ìta ló bọ́ sí pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Omi òjò wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ ò ní wọlé," ó wí.

"Madam, ilé yín kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀."

Obìnrin olóǹtẹ̀ wo ojú àwọn méjèèjì. "Ṣé wàhálà kan wà ni?"

"Kò sí wàhálà," ni Costin wí, kò gbé ojú kúrò lára Wúlẹ̀mọ̀tù. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn. "Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀. Mo ti wọ ilé yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin lẹ pè mí wọlé, ẹ̀yin lẹ gbé oúnjẹ fún mi, ẹ̀yin lẹ sọ orúkọ ẹni tó nilé fún mi. Ẹ ò sì sọ fún Sanda. Tí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, ta ni wọ́n á kọ́kọ́ bi léèrè? Mo mọ nọ́ńbà iléeṣẹ́ yín. Èmi ò fẹ́ kí ohunkóhun ṣe yín. Ẹ yẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ pátá ló rí bẹ́ẹ̀. Kò purọ́ kankan mọ́ ọn. Wúlẹ̀mọ̀tù yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó tẹ nọ́ńbà ọ́fíìsì Sanda. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Sanda ń sọ̀rọ̀."

"Mà, Wúlẹ̀mọ̀tù ni. Ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó mú ìwé wá, ó mú ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ wá, ó fẹ́ kí Màmá tọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Ọkùnrin wo?"

"Ó ní Costin lorúkọ òun. Ẹni tí Màmá ń sọ fún yín ni. Kì í ṣe ti ayé àtijọ́, mà. Ti ìsinsìnyí ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó wá rèé."

Obìnrin olóǹtẹ̀ ti yí ẹ̀yìn padà, ó ń sáré lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, báàgì rẹ̀ lórí orí nítorí òjò.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta?" Ohùn Sanda ti yàtọ̀. "Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?"

Costin dúró, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó fẹ́ mọ irọ́ tí yóò pa.

"Èmi ni," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Èmi ni mo ní kó wọlé. Mo fún un ní jáàmù. Lánàá tí ẹ sọ ìtàn yẹn fún mi, mo mọ̀, mi ò sì sọ, torí iṣẹ́ mi."

Ó gbọ́ bí àga ṣe ṣubú ní ọ́fíìsì ọ̀hún.

"Má kúrò níbẹ̀," ni Sanda wí. "Mò ń pe ọlọ́pàá. Mò ń bọ̀. Ìwọ náà, tí mo bá dé, a ó jọ sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́, mà." Ó mọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́.

Costin sọ nǹkan kan lédè wọn, gbólóhùn kúkúrú kan tí kò sí lórí ìwé ara fíríìjì, tí Màmá náà kò sì fi kọ́ ọ. Ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rọra sọdá títì. Ó wọ ọkọ̀ dúdú náà. Ó tan iná rẹ̀, kò sì lọ.

Nínú ilé, Màmá ṣì ń bẹ àlejò. Ohùn rẹ̀ ti ń há, ó ń dín kù, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó wu Wúlẹ̀mọ̀tù kó wọlé lọ gbá a mọ́ra, kó sọ fún un pé ó ti lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tútù náà, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti rin gbindin síwájú, ó sì ń wo ọkọ̀ náà.